Gbà-Má-Bínú Kọ́, Ẹ̀tọ́ Ni: Ìtàn Ẹrù, Forklift àti Ẹni Tó Ń Fara Pa ní Ọ̀nà Badagry

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi etí sí wa nínú danfo láti Mile 2 sí Òkòkómáìkò, mo kí yín. Ẹ̀yin tí dátà kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ máa ń dúró de àkọsílẹ̀, ohun tí mo sọ rèé.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ wá fún un lówó, kí la máa ń pe owó yẹn? Owó gbà-má-bínú. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí. Gbà, má bínú. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ lè gbà, ó lè kọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé, "Iye tí òfin ní kẹ́ ẹ fún mi rèé." Bó bá wu ọ̀gá, á fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Bí kò bá wù ú, á ní kó lọ sinmi nílé.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti orí alábàárù ayé àtijọ́, ó sì dé orí forklift tó ń sáré kiri nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí ọ̀nà Badagry. Ìtàn bí gbà-má-bínú ṣe di ẹ̀tọ́ lórí ìwé ni, àti ìdí tí kò fi tíì di ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ jù.

Nígbà tí orí jẹ́ ọkọ̀ ẹrù

Kí ẹ̀rọ tó dé, orí èèyàn ni ọkọ̀ ẹrù wa. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún iṣẹ́ yìí: a ń gbé ẹrù, a ń ru ẹrù, a ń sọ ẹrù kalẹ̀, a ń ká òṣùká sórí kí ẹrù má baà dun àtàrí. Ẹni tó fi í ṣe iṣẹ́ jẹun ni alábàárù. Lẹ́yìn náà ni ọmọlanke dé, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí èèyàn ń fi ọwọ́ tì, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Àlàbà títí dòní.

Èbúté Èkó náà, orí àti ọrùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iyanrìn tó wà lẹ́nu omi Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ojú òkun ni wọ́n máa ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké á lọ kó ẹrù wọn wá. Ìgbà tí wọ́n to òkúta ńláńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu omi náà, tí wọ́n sì gbẹ́ iyanrìn kúrò, ni ọkọ̀ ńlá tó rí ọ̀nà wọlé. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n kọ́ wọ́ọ̀fù Àpápá fún àwọn ọkọ̀ tó nílò omi jíjìn. Kòkó, ẹ̀pà àti ekuro ń jáde. Aṣọ, iyọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ń wọlé. Láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀, èèyàn ló ń gbé e.

Ẹ má rò pé àwọn èèyàn yẹn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, àwọn lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ fún Public Works Department ìjọba ní Èkó da iṣẹ́ sílẹ̀. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn. Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, ó sì fẹ́ fọwọ́ kan owó wọn. Wọ́n ní àwọn kò gbà. Ìyẹn ti lé ní ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan tó máa gbè wọ́n lẹ́yìn.

Wàyí o, ní ọdún 1897 yẹn kan náà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé bí òṣìṣẹ́ bá fara pa nínú irú àwọn iṣẹ́ kan tó léwu, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó fún un, kódà bí òṣìṣẹ́ náà kò bá lè fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Jámánì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn ní 1884. Ìrònú tó wà nídìí òfin yẹn kò ṣòro: ẹni tó ń jẹ èrè iṣẹ́ ni kó ru ewu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọ̀gá ló ń tún un ṣe. Bí apá òṣìṣẹ́ bá wá ṣẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ni yóò ta aṣọ kí wọ́n tó rí owó tún un ṣe?

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò wọ ọkọ̀ wá sí Èkó. Ìjọba kan náà tó ṣe é ní London ló ń ṣàkóso wa, síbẹ̀ ọdún 44 ló kọjá kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀ fún Nàìjíríà. Ọdún 1941 ni Workmen's Compensation Ordinance jáde. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí àwọn lébìrà da iṣẹ́ sílẹ̀ yẹn ti lè dàgbà, kó ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, kó fara pa níbẹ̀, kí ọmọ tirẹ̀ náà sì ti wọ iṣẹ́, kí òfin tó mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Nígbà tí òfin náà dé, ó ṣe ohun ńlá kan: ó kọ ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni owó náà ti ń wá. Òṣìṣẹ́ tó fara pa ni yóò lọ bá ẹni tó gbà á síṣẹ́, bí wọn kò bá sì gbọ́ra wọn yé, kóòtù yá. Kọ́ńpìnnì ní lọ́yà. Lébìrà ní ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kó máa rìn lọ rìn bọ̀.

Ẹ̀rọ tó dà bíi jangirọ́fà

Ẹ jẹ́ ká fi òfin sílẹ̀ díẹ̀, ká wo ẹ̀rọ.

Ní ọdún 1917, kọ́ńpìnnì Clark ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà, ṣe ọkọ̀ kékeré kan láti máa fi kó ẹrù kiri inú ilé iṣẹ́ wọn. Wọn kò ṣe é fún títà. Àwọn oníbàárà tó wá síbẹ̀ ló rí i, tí wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn náà ṣe tiwọn. Ní 1923, kọ́ńpìnnì Yale gbé èyí tó ní irin bíi àmúga jáde, tó lè gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ lọ sókè. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní láti kó òkè àìmọye oúnjẹ àti ọta ìbọn, forklift àti pálẹ́ẹ̀tì onígi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Ó jọ mọ́tò kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Forklift tó lè gbé tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀, òun fúnra rẹ̀ máa ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin kó tó gbé ohunkóhun. Ìyẹn bíi Corolla mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀ sójú kan.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí jangirọ́fà, pákó gígùn tí ọmọdé méjì máa ń jókòó sí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Táyà iwájú forklift ni àárín pákó náà. Ẹrù wà lápá kan. Irin ńlá tí wọ́n fi sí ìdí ẹ̀rọ náà wà lápá kejì, òun ló ń mú un dọ́gba. Bí ẹrù bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọn kò bá tì í wọlé dáadáa mọ́ ara ẹ̀rọ, táyà ẹ̀yìn á gbéra nílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn yìí kan náà ló ń yí kọ́nà. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún, ìdí ẹ̀rọ á gbá jáde sósì. Ẹni tó dúró síbẹ̀, tó rò pé òun ti yà fún un, ni yóò gbá.

Ó ku ọ̀kan. Bí ẹrù bá ga, awakọ̀ kì í rí iwájú. Bó bá gbé ẹrù náà sókè tó sì ń sáré yí kọ́nà, ẹ̀rọ lè dojú dé. Lásìkò yẹn, gbogbo ohun tó wà lára èèyàn ló máa sọ fún un pé kó bẹ́. Bó bá sì bẹ́, irin orí ẹ̀rọ náà lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó sá jìnnà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ forklift ni pé kó de bẹ́líìtì, kó má bẹ́, kó di ẹ̀rọ mú gírígírí, kó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, kó sì fara sí òdìkejì ibi tí ẹ̀rọ ń ṣubú sí. Ta ló máa mọ ìyẹn bí ẹnì kan kò bá kọ́ ọ?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka òkú wọn. Àjọ ìwádìí NIOSH rí i pé láti 1980 sí 1994, òṣìṣẹ́ 1,021 ló kú nípasẹ̀ forklift. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ẹ̀rọ ló dojú dé. Ìdá 20 ló jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí ẹ̀rọ gbá. Ìdá 16 ni ẹ̀rọ tẹ̀ pa. Ìdá 9 jábọ́ láti orí rẹ̀. Láti 1999, òfin wọn ní gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ awakọ̀ forklift, kí ó sì dán an wò, kó tó jẹ́ kó dá wà á. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ padà wo ìdá 20 yẹn. Ẹnì kan nínú márùn-ún ni. Kì í ṣe òun ló ń wa ẹ̀rọ. Ó kàn ń kọjá ni. Ẹ̀rọ gba ẹrù kúrò lọ́rùn alábàárù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ewu náà kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró nítòsí.

Bí ẹrù ayé ṣe gba ọ̀nà wa

Báwo ni gbogbo èyí ṣe wá kan Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáìkò?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Ideal X gbé kọ̀ntéénà 58 kúrò ní Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Malcom McLean tó ni ín, oníṣòwò tírélà ni. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí ẹrù lè ti ilé iṣẹ́ jáde nínú àpótí irin kan, kó wọ ọkọ̀ òkun, kó tún wọ tírélà, láìsí ẹni tó tú u. Èyí dín iṣẹ́ kù ní wọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, níbì kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tú àpótí yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń tú u ni ìtàn wa ń lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1975 ló fi hàn pé èbúté nìkan kò lè gbé ẹrù wa. Owó epo ti wọlé. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon paṣẹ fún sìmẹ́ǹtì tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Iléeṣẹ́ ètò ààbò nìkan ní kí wọ́n kó mílíọ̀nù 16 wá. Sìmẹ́ǹtì tí èbúté Èkó lè gbà lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun tí wọ́n ń dúró. Inú àpò ni sìmẹ́ǹtì ọ̀hún ń gbé. Àpò sìmẹ́ǹtì tí a mọ̀, kílò 50 ni. Àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ti sọ láti 1967 pé kílò 55 ni kó jẹ́ òpin ohun tí ọkùnrin kan á máa gbé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n bá ti ń já sìmẹ́ǹtì ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ ka iye àpò tó wà lórí ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Badagry yí padà. Ní 1975 kan náà, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, tí gbogbo wa fi ń pe bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù ibẹ̀ ní Volks títí dòní. Àwọn ohun èlò mọ́tò náà ń ti òkè òkun wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ já wọn, kí wọ́n tò wọ́n, kí wọ́n tó di Beetle tàbí Ìgálà. Ní 1977, wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Trade Fair. Ní 1978, àwọn tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó wá sí Ọ̀jọ́, ibẹ̀ ló sì di Alaba International. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ta pátì mọ́tò náà kún inú Trade Fair.

Ẹ fi ìka tọ ọ́ lórí máàpù fóònù yín: Àpápá, Tin Can, Mile 2, Trade Fair, Volks, Àlàbà, Òkòkómáìkò. Ìlà kan ni. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ ní èbúté ń wá ilé sùn lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí géètì ilé ìkẹ́rùsí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nǹkan kan sì máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín èbúté àti géètì yẹn tí a kì í fiyè sí. Ní wọ́ọ̀fù, àwọn dọ́kà ní ẹgbẹ́ tó lágbára, Maritime Workers Union of Nigeria. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fara pa, ẹnì kan wà tó lè gbé ohùn sókè. Nígbà tí kọ̀ntéénà kan náà bá fi dé ilé ìkẹ́rùsí ní ọ̀nà wa, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n pè ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń tú u. Ẹrù kan náà ni, ewu kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò bá kọ̀ntéénà wọlé.

Ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, kọ̀ntéénà kan já lulẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Gbogbo wa la mọ̀ nípa rẹ̀, torí ojú títì ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó dúró níbẹ̀ sì ní fóònù lọ́wọ́. Fídíò rẹ̀ dé orí WhatsApp wa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn géètì kò ní fídíò. Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa ní Ìbà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Lódà ni, iṣẹ́ ojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, forklift ń fi ẹ̀yìn rìn, òun náà ń fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Táyà gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ náà, lódà bíi tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, tó kọ́ ọ nípa wíwo ẹlòmíràn. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n yìí lọ sọ́sípítù, wọ́n san owó ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní owó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ńbà ọ̀gá kò wọlé mọ́.

Nígbà tí mo lọ bá a pé mo fẹ́ ṣe ètò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sọ ló mú mi ronú jù. Ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n ṣèèyàn o. Ibòmíràn, wọn ò ní gbé ẹ dé ọsibítù." Ọpẹ́ ló ń dá. Ọkùnrin tó ń tiro, ọpẹ́ ló ń dá lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn, gbà-má-bínú, máa ń ṣe fún ọpọlọ wa nìyẹn. Ó ń sọ gbèsè di àánú.

Òfin tí a ti ní láti 2010

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa la dé yìí.

Ní 1987, Nàìjíríà tún òfin méjì ṣe: òfin owó òṣìṣẹ́ tó fara pa, àti Factories Act tó sọ bí ilé iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wà. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ náà ni òṣìṣẹ́ ṣì ń lọ. Ìyípadà tó tóbi jù dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Employee's Compensation Act.

Ohun tí òfin yìí ṣe ni pé ó gba owó náà kúrò lápò ọ̀gá kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún òṣìṣẹ́ sí àpò kan tó wà lọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀. Bí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. Kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń san owó fún ẹni tó bá fara pa. Kò nílò kó fi hàn pé ẹnì kan jẹ̀bi. Kódà ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Bí ìfarapa bá sọ èèyàn di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kó máa gbà lóṣooṣù. Bó bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 náà ni òfin ní kó máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Òfin náà tún sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun ti yááfì ẹ̀tọ́ yìí. Bí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí ìwé pé "mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́", ìwé náà kò mú òfin yìí kúrò lórí wọn.

Ẹ̀yin kan ti ń sọ lọ́kàn yín pé, "Ìyẹn fún àwọn òṣìṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe fún àwa kásúà." Rárá o. Òfin náà sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìgbà gbogbo, ẹni tó ń ṣe ti ààbọ̀ ọjọ́, ẹni tó wà fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, àti kásúà. Àdéhùn tí wọ́n fẹnu lásán ṣe pàápàá tó. Lódà tí wọ́n pè wọlé ní géètì láàárọ̀ yìí wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀tọ́ ń já sí

Kí ló wá dé tí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbà fi ń dúpẹ́?

Torí pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni òfin ń gbà, ẹni tí kò sì sí nínú ìwé owó oṣù, kò sẹ́ni tó san ìdá kankan lórí rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí á ní, "Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, kọ́ńtírátọ̀ ló mú un wá." Kọ́ńtírátọ̀ á ní, "Mo kàn bá wọn wá èèyàn ni." Lódà fúnra rẹ̀ á ní òun kàn lọ ṣe iṣẹ́ ojúmọ́. Òfin Labour Act wa ní, kó tó pé oṣù mẹ́ta tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó kọ orúkọ méjèèjì àti irú iṣẹ́ náà sí. Mélòó nínú àwọn tó ń tú kọ̀ntéénà ní ọ̀nà wa ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, láti 1941 títí di 2010, ohun tí òfin ń bá jà kò yàtọ̀: ta ni yóò sanwó? Ó ti rí ìdáhùn sí ìyẹn. Ìbéèrè tó kù ni ti ọ̀nà wa: ta ló mọ̀ pé o wà níbẹ̀? Ní ayé alábàárù, ẹni tó ru ẹrù àti ẹni tó ni ẹrù máa ń rí ojú ara wọn. Lónìí, ẹni tó ni ẹrù lè wà ní Guangzhou, kọ́ńtírátọ̀ wà lórí fóònù, ìwọ nìkan lo wà níwájú forklift.

Mi ò fẹ́ ká fi ìtàn nìkan sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tàbí kí àbúrò tàbí bàbá yín máa ṣe é. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ mi yìí lè ṣe ohun tí ìwé ọ̀gá kò ṣe. Ẹ máa tọ́jú álátì owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí ẹni tó pè yín síṣẹ́ fi ránṣẹ́ rẹ́. Ẹ mọ orúkọ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́ ẹ wọ̀, orúkọ tó wà lára géètì, àti orúkọ ẹni méjì tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má fẹnu nìkan sọ ọ́. Òun náà ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ọdún kan ni òfin fún yín láti fi béèrè fún owó náà, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Bí ọ̀gá bá sì fún yín lówó ọsibítù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò tíì parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìkẹ́rùsí, tàbí tẹ́ ẹ jẹ́ sùpáfáìsọ̀ níbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ wà lára àwọn tó ń gbọ́ wa. Ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ máa fi fa ìlà sílẹ̀, kí ẹlẹ́sẹ̀ mọ ibi tí yóò gbà, kí forklift mọ tirẹ̀, kò wọ́n. Kíkọ́ awakọ̀ kan kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kò wọ́n tó ẹsẹ̀ èèyàn kan. Ìwé kan tí ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ sí, náírà mélòó ni?

Àwọn àgbà ní àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ewu iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹrù tó yẹ kí ẹnì kan dá rù, pàápàá ẹni tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún. Ohun tí wọ́n ṣe òfin 2010 fún nìyẹn: kí gbogbo wa pa owó pọ̀, ká jọ gbé e.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ràn ìtàn, ẹ fi ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 yẹn ránṣẹ́ sí i, ó tó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí bí Volks ṣe dé Ọ̀jọ́ àti bí mọ́tò Ìgálà ṣe gba ìgboro. Ẹ tọ́jú ara yín o. Bí forklift bá ń fi ẹ̀yìn bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀.